Fírídọ̀ọ̀mù Láàárín Iléyá àti Ìkórè

Ẹni tó bá ní òun mọ ìtumọ̀ fírídọ̀ọ̀mù, ẹ bi í pé ibo ló ti kọ́ ọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní Ọ̀yọ́, olùkọ́ wa ní ohun tí àwọn bàbá wa gbà lọ́wọ́ òyìnbó ni, ó sì na gbogbo ẹni tí kò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn Márúwá kan tí mo máa ń wọ̀ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lójú awakọ̀ yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè ní kí òun dín eré kù. Pásítọ̀ ìjọ onítẹ̀bọmi tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wa ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde rẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ó ní ọwọ́ ẹ̀ṣẹ̀ la ti gbà á. Gbogbo wọn gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Fírídọ̀ọ̀mù ni ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ yóò gbé àlùmọ́gàjí lé ọ lọ́wọ́ níṣojú ẹgbẹ́ télọ̀, tí wọn yóò gbàdúrà fún ọ, tí wọn yóò jẹ ìrẹsì rẹ, tí ìwọ náà yóò sì lọ di ọ̀gá ara rẹ. Ìyókù, Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, ilé mùsùlùmí. Ìyá mi ló mú mi lọ kọ́ṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ọmọ tó bá ń kọ́ṣẹ́ nítòsí ilé, ilé ni yóò máa sá wá. Ọ̀gá mi jẹ́ opó, onítẹ̀bọmi paraku, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká. Màmá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láàárọ̀, yóò kọ orin ìjọ rẹ̀, yóò gbàdúrà lé máṣíìnì lórí, yóò wá yíjú sí mi: "Ó yá, ìwọ náà ṣe tìẹ kíá, kí wọ́n tó múná lọ." Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, mo rò pé ó ń gbé e sùn ni. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ ti lọ tán, kò sì sẹ́ni tó mú ọmọ tuntun wá. Èmi nìkan ló kù.

Nígbà tí àkókò mi pé, mo ní kí Màmá mú ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù mi.

"Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí aṣọ Iléyá nílẹ̀ yìí?"

Iléyá kọjá, aṣọ Ìkórè dé. A rán Ìkórè tán, Kérésì ti ń kanlẹ̀kùn. Lẹ́yìn Kérésì, ọdún Ààwẹ̀ àti Àjíǹde ń ti ara wọn gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú tí mùsùlùmí àti onítẹ̀bọmi ti ń bára wọn gbé dáadáa ni Ògbómọ̀ṣọ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ó bàjẹ́, àmọ́ ọdún kì í tán níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá wá dilẹ̀ díẹ̀, Màmá á gbé iṣẹ́ mi, á ní kọ́là mi ń wòkè bí ẹni tó ń retí òjò. Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú ń bí mi gan-an.

Ìyá mi náà ti kun yàrá kan tó dojú kọ títì nílé wa, ó sì ti sọ fún gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní àsàlátù pé èmi ni n ó rán aṣọ Iléyá wọn. Nígbà tí kò rí mi, ó gbéra, ó di Takie.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ."

"Ẹ̀yin lẹ kú ọmọ rere. Kò fún mi ní wàhálà kankan." Irọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ewúrẹ́ ló pè mí.

Ìyá mi la ẹnu láti sọ ohun tó bá wá. Màmá yára mú abẹ́rẹ́, bí ẹni tí iṣẹ́ ká mọ́. Ó fẹnu tọ́ òwú, òwú gba ẹ̀gbẹ́ ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Ó tún ṣe é, ó tún kọjá. Mo nawọ́ láti ìdí máṣíìnì mi, mo gbà á, mo fi òwú sí i, mo dá a padà, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ìyá mi pa ẹnu dé. Nígbà tí yóò tún là á, ó ní, "Ìgbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kẹ́ ẹ ránṣẹ́ sí wa."

Mo sìn ín dé gáréèjì pẹ̀lú ojú kíkorò. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ń bọ̀ wá gbà mí! Ẹ fi ọ̀bẹ ẹ̀yìn jẹ mí níṣu."

"Láti ìgbà wo lo ti ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́?"

Mo rántí aṣọ ẹgbẹ́ akọrin tí Màmá fi òwú aró rán apá kan, tó fi òwú àwọ̀ ewé rán èkejì. Mo ti tú u, mo ti tún un rán, mo rò pé ìdánwò ni. Mo tiẹ̀ ń yangàn pé mo yege.

"Kì í ṣe ọdún ló ń dúró dè," ìyá mi ní. "Ẹ̀rù ló ń bà á."

Àánú Màmá ṣe mí, síbẹ̀ ìbínú mi ò lọ. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì dárúkọ fírídọ̀ọ̀mù mọ́. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Màmá rímú mí.

"Kí ló dé tó ò yọ mí lẹ́nu mọ́? Ìyá ẹ ti sọ nǹkan fún ẹ." Ó wò mí títí. "Sátidé tó ń bọ̀. Kí wọ́n má fi ata pa wá nínú ìrẹsì yẹn o."

Lọ́jọ́ náà, pásítọ̀ gbàdúrà, ààfáà gbàdúrà, kò sí èyí tó fẹ́ kí èkejì ṣe jù òun lọ. Ìyá mi ti ra àlùmọ́gàjí tuntun, ó gbé e sínú àwo, ó so ríbọ́ǹ mọ́ ọn. Màmá kọjá lára rẹ̀. Àlùmọ́gàjí dúdú tirẹ̀ ló yọ nínú báàgì, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi gé òwú lásán.

"Màmá, tuntun ló wà nínú àwo o," alága ẹgbẹ́ rọra sọ fún un, gbogbo wa sì gbọ́.

"Mo mọ èyí tí mo mú. Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́wọ́. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fi í lẹ̀ o!"

Mo rọra ní, "Ẹ jẹ́ n ṣì dúró di Kérésì."

"Kérésì wo? Máa lọ." Ó fi í lẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ dágbére fún un kí n tó wọkọ̀ Ọ̀yọ́. Mo bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Mi ò rí irú rẹ̀ rí lọ́jọ́ iṣẹ́, mo sáré délé rẹ̀. Ó jókòó síta, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ìgò ẹ̀pà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí téèpù lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò ṣí ṣọ́ọ̀bù?"

"N ṣí kí ni? Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n ń fún ní fírídọ̀ọ̀mù ni?" Ó sún fún mi lórí bẹ́ńṣì. "Jókòó, bá mi ṣa ẹ̀pà yìí. Mi ò rí èyí tó bàjẹ́ níbẹ̀ mọ́."

Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo jókòó, mo ń bá a ṣà á.