Ọwọ́ tí kò kan etí

Lọ́dún tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, etí ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí. Ta ló kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Òsì wa? Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó ilé ìwé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú ọmọbìnrin òun lọ sí ilé ìwé kan lẹ́yìn Mápó. Ó ní tó bá ti wọlé, kéú tó ń kà parí nìyẹn. Èmi tí mo sá kúrò nílé ìwé nítorí ẹgba! Bí mo ṣe rí tísà báyìí, ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ ló lọ bo ìdí mi.

Ọmọ gbọ́wọ́ sórí. Kò kan etí. Tísà ní ká padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i: ọmọ rọra ká ìka sínú irun.

Lọ́nà, mo bi í léèrè.

"Bàbá kékeré, ẹ má sọ fún bàbá mi o! Ó ku súrà Kùránì mẹ́ta kí wọ́n se ẹ̀wà mi nílé kéú. Mo ti jẹ ti gbogbo wọn. Wọn ò tíì jẹ tèmi."

Lóòótọ́, ọmọ kéú tó bá kà dé ibì kan, òbí rẹ̀ á se ẹ̀wà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń yí lọ́kàn mi: baba ló ni ọmọ, ta ló wá ni gbèsè ẹ̀wà?

Mo pinnu láti purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì bi mí tán tí ẹnu mi fi tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Akọni ni mí.

Ó yíjú sí ọmọ. "Ta ló ń yan ilé ìwé nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jẹ ẹ̀wà."

Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi fa ọmọ mọ́ra. "Ti ọmọ mélòó lo ti jẹ?"

Ó fi ìka ọwọ́ méjèèjì kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àtàǹpàkò.

"Ó dáa. Lọ ka súrà rẹ."

Ìkòkò ẹ̀wà méjì la sè. Lọ́dún kejì, èmi náà ni mo mú u padà. Ìka rẹ̀ kọjá etí, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Haà! Ibo lẹ gbé eléyìí pamọ́ sí látèṣín?" ni tísà wí.

Mo bojú wolẹ̀. Ọmọ ló dáhùn:

"A ń se ẹ̀wà lọ́wọ́ ni, sà."