Nọ́ńbà Tí Mi Ò Lè Yí Padà

Títí di òní, bí òórùn omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan bá ti gba imú mi, fóònù ni ọkàn mi kọ́kọ́ ń lọ sí. O mọ òórùn tí mò ń wí, ìwọ náà kúkú dàgbà sí ọ̀nà oko: omi tó ń ro tótó láti inú àpò ẹ̀gẹ́ tí a fi jáákì tẹ̀, tí èéfín igi tútù wá dà pọ̀ mọ́ ọn, tí aṣọ èèyàn á máa rùn ún kiri títí di ọjọ́ Jímọ̀. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìyànà Ọ̀fà, ọ̀kadà kan ni, bí òjò ò bá tíì ba ọ̀nà jẹ́. Ibẹ̀ ni abà tí a ti ń yan gàrí wà, lábẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú, tí ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ tí ìyá wa fi sílẹ̀ sì wà ní igun kan. Mo kan ìṣó kan mọ́ òpó iwájú. Ara ìṣó yẹn ni mo máa ń fi fóònù mi kọ́ nínú ọ̀rá, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró. Ẹni tó bá gbé fóònù yẹn kúrò níbẹ̀, ìjà dé nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mò ń retí. Àwa méjèèjì péré ni ìyá wa bí, nígbà tí ìyá wa sì kú, èmi ni mo tọ́ ọ títí ó fi dẹni tó ń wa ẹ̀rọ náà fún wa. Àjàní ni mo máa ń pè é. Oríkì rẹ̀ ni, ó sì dùn lẹ́nu mi ju orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ. Ó dé lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, òun náà á lọ. Mo sunkún, mo bínú, mo tilẹ̀ kó bàtà rẹ̀ pa mọ́, àfi bí ẹni pé bàtà ló ń gbé èèyàn lọ. Ó kúkú lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló pè, láti Àgádésì létí aṣálẹ̀, fóònù ẹlòmíràn ló sì fi pè. Ó ní àwọn olè ti gba tòun lójú ọ̀nà. "Àǹtí mi, nọ́ńbà yín nìkan ló kù lórí mi," bó ṣe wí nìyẹn, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ìpè náà sì já.

Látìgbà náà, kò sí ìpè tó wọlé tí mi ò gbé. Àwọn ẹlòmíràn máa ń bẹ̀rù nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀. Èmi, ṣe ni mò ń sáré sí i. Bí mo bá rí orúkọ ẹni tí mo mọ̀ lójú fóònù, ó máa ń dùn mí díẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni mò ń pa.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ti já láti ọjọ́ tó ṣáájú, gbogbo abà dákẹ́ rọ́rọ́, àfi àwọn adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Èmi àti ìyàwó ìmọ́ọ̀mù, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́, la jókòó ti agbada, à ń yan èyí tó kù nílẹ̀. Fóònù dún. Mo ju àkúfọ́ igbá tí mo fi ń yan gàrí sílẹ̀, mo sáré tòun ti gàrí lọ́wọ́, mo tẹ fóònù, mo gbé e sétí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ́hùn-ún.

"Àjàní, ìwọ nì yẹn?"

"Rárá mà," ohùn ọkùnrin kan dáhùn. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ọ́fíìsì owó orí la ti ń pè yín."

Àyà mi já. Má rò pé tìtorí owó orí ni o. Nítorí pé kì í ṣe òun ni. Ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀ lọ, ó pe orúkọ mi pé, ó ní mo ní ilé iṣẹ́ gàrí, ó ní ó ti pẹ́ tí mi ò ti san owó orí lórí ẹ̀rọ mi, pé àwọn ọlọ́pàá máa wá gbé e kí oòrùn tó wọ̀. Ohun tó lè gbà mí ò ju kí n fi owó ránṣẹ́ sí àpò kan tí òun máa sọ fún mi, kí n sì ka nọ́ńbà tí bánkì máa tó fi ránṣẹ́ sí fóònù mi fún òun. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú àánú lòun fi ń wò mí. Ẹ̀rọ ìyá wa! Ẹ̀rù bà mí wàyí. Ohun tó kù tó ń bọ́ wa ni, ibi tí àbúrò mi máa padà wá dúró sí sì ni.

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún mi láàyè díẹ̀. Ó ní àyè ti tán. "Àwọn èèyàn wa ti wà níwájú abà yín báyìí, mà. Mò ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ yín látorí fóònù wọn."

Mo yíjú wo ẹ̀rọ. Bẹ́líìtì rẹ̀ wà nílẹ̀ bí ejò tó ti kú. Mo yíjú wo iwájú abà, adìyẹ mi ló wà níbẹ̀, kò sì jọ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀rín gbọ̀n mí débi pé ìyàwó ìmọ́ọ̀mù dìde wá wò mí bóyá nǹkan ti ṣe mí.

Ó yẹ kí n pa fóònù nígbà yẹn. Mi ò pa á. Ohùn ọmọ Ìbàdàn ni ohùn rẹ̀, kò sì lè dàgbà ju àbúrò mi lọ. Bó ṣe ń pe "mà," tó ń fà á díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Àjàní máa ń pe "Àǹtí mi" tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan. Mo mọ̀ pé olè ni, mo sì dúró ti òpó, mò ń gbọ́ ohùn olè, mi ò tijú. Ìyàwó ìmọ́ọ̀mù ló já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

"Olórí burúkú!" ó pariwo sínú rẹ̀. "Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun!" Ó pa á, ó sì ní kí n lọ wọ ìborùn mi, Ìyànà Ọ̀fà yá.

Obìnrin kan la bá ní ọ́fíìsì owó orí níbẹ̀, àgbà obìnrin tó wọ awò ojú, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó gbọ́ wa dópin, ó wo ìpè náà àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e. "Àwa kì í gba owó orí lórí fóònù, mà," ó ní. "Ìwé la máa ń mú wá, àpò ìjọba lẹ ó sanwó sí, kì í ṣe àpò ẹnì kan, ẹ ó sì gba rìsíìtì yín. Nọ́ńbà tí bánkì bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi." Ó ní kí n má pa àtẹ̀jíṣẹ́ wọn rẹ́, ẹ̀rí ni. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wa dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n kọ nọ́ńbà olè náà sílẹ̀, wọ́n sì ní kí n sọ fún bánkì mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Gbogbo ẹ̀ lọ geere. Àfi ìgbà tí a jáde tó wá dì mí lápá mú.

"Ohun tó kù ni pé kí ẹ yí nọ́ńbà yín padà. Wọ́n ti mọ̀ pé ẹ máa ń gbé ìpè. Wọn ò ní yéé pè yín, lọ́jọ́ tó bá sì rẹ̀ yín, wọ́n á mú yín."

"Mi ò lè yí i."

"Síìmù ò wọ́n, mà."

Ìyàwó ìmọ́ọ̀mù ló bá mi sọ ọ́, pé àbúrò mi ń bẹ lájò, pé nọ́ńbà yẹn nìkan ló mọ̀. Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún pẹ́ títí, bẹ́ẹ̀ awò náà mọ́.

"Ó dáa," ó wí níkẹyìn. "Ẹ máa gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ wá ìbéèrè kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ kankan gbọ́. Wọ́n lè wá fi orúkọ rẹ̀ pè yín lọ́la."

Kò gbà mí lásìkò rárá. Lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú ìyá wa, àbúrò mi lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbin nǹkan kan síbẹ̀, ó ní kí ojú ìyá wa má baà kúrò nílé. Èmi nìkan ló rí i. Ìbéèrè mi nìyẹn: kí lo gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná? Ìdáhùn rẹ̀, má wulẹ̀ bẹ̀ mí, mi ò ní sọ fún ìwọ náà.

Òótọ́ ni obìnrin náà sọ, wọn ò yéé pè. Lónìí wọ́n á ní ọ́fíìsì owó orí, lọ́la wọ́n á ní bánkì. Bí mo bá ti gbé e, ìbéèrè mi ni mo fi ń kí wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀gẹ́, mà?" Mo ní lọ hú u. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fi pè mí ni mo ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìyànà Ọ̀fà, nígbà tó ṣe, àwọn obìnrin abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í kó fóònù tiwọn náà tọ̀ mí wá kí n bá wọn wò ó. Ìyá ológì tó wà lábúlé kejì kò mọ̀ mí nígbà tirẹ̀. Ó ka nọ́ńbà bánkì fún wọn, wọ́n sì gbá àpò rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìyá náà ò tíì bọ́ nínú rẹ̀ títí di báyìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹni àkọ́kọ́ yẹn tún pè. Mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò tilẹ̀ dárúkọ owó orí mọ́. "Mà, ẹ ò sanwó, ẹ ò sì yéé gbé ìpè wa. Kí lẹ ń wá gan-an?"

"Àbúrò mi ni," mo sọ fún un. "Nọ́ńbà yìí ló wà lórí rẹ̀. Mi ò mọ ọjọ́ tó máa pè."

Mo gbọ́ àkùkọ tó kọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Ta ló ń retí ìpè tìrẹ?" Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó pa á, kò sì pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Mo rántí ìyá ológì, mo wọ ìborùn mi, mo mú nọ́ńbà rẹ̀ lọ síbi tí mò ń mú u lọ.

Bí o bá wá béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kọ́ mi, ó ti kọ́ mi lọ́gbọ́n o, kò sí olè tó lè fi fóònù mú mi mọ́. Ohun tí àbúrò mi gbìn ti so, àwọn ọmọ abúlé ń jẹ ẹ́, wọn ò mọ ẹni tó gbìn ín, èmi sì ń tọ́jú ti Àjàní sọ́tọ̀ títí á fi bàjẹ́. Ìṣó mi ṣì wà lára òpó, fóònù mi ṣì wà lára ìṣó. Ẹ̀rù olè ò bà mí mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ó jẹ́ òun gan-an ló pè lọ́jọ́ kan, kí n bi í, kí ìyà ọ̀nà àjò ti mú un gbàgbé. Mo mọ ohun tí mo máa ṣe, mo sì mọ̀ pé obìnrin ọ́fíìsì owó orí á bá mi wí. Bí ohùn náà bá jọ tirẹ̀, tí ó sì dákẹ́, èmi fúnra mi ni màá sọ ìdáhùn náà fún un.