Táyà Abẹ́ Ibùsùn Evaristo Despaigne

Cuqui fọkanáísà ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn alùpùpù Niurka, ó ní, "Niurka, èyí kì í ṣe táyà mọ́, ìrántí táyà ni. Mi ò ní fẹ́ atẹ́gùn sínú pósí ẹnikẹ́ni."

Niurka fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. "Kí wá ni kí n jẹ, Cuqui? Kí lọmọ mi fẹ́ jẹ?"

"Kọ́kọ́ wà láàyè ná. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń jẹun."

Èmi Zoraida wà lójú fèrèsé mi níbi tí mo ti ń ta kọfí. Fèrèsé náà kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Cuqui gan-an, nítorí náà ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ. Òwú funfun ti yọ lára táyà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi rọ́bà tuntun bò ó lórí, wọ́n sì tún gé awẹ́ táyà mìíràn tì í nínú kí túùbù má baà yọjú síta. Orí ohun tó rí báyìí ni Niurka ti ń gbé èrò gun òkè, tó tún ń gbé wọn sọ̀ ọ́, ní ìlú Santiago tí gbogbo òpópónà rẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí etí òkun. Orí rẹ̀ náà ló fi ń gbé Leyanis, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ sílé-ìwé. Ẹlẹ́dàá ọmọ yẹn kì í sùn.

Lọ́dọ̀ wa, táyà kì í ṣe ohun téèyàn kàn ń dìde lọ rà. Èyí tó bá délẹ̀, kì í bá alùpùpù Jámánì àtijọ́ mu: ti àwọn ará Ṣáínà tín-ín-rín jù, ti àwọn alùpùpù kékeré tuntun kò sì lè dé ibi tí ríìmù rẹ̀ fẹ̀ dé. Cuqui ní ọ̀kan ṣoṣo tó lè bá a mu, tó tú lára alùpùpù Czech kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Ó ti jẹ dé ìdajì. Ó gbé e wá, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́, rọ́bà náà rì, ó sì tún wú padà.

"Ẹ̀mí ṣì wà nínú èyí," ló wí. "Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n á gbé ọ."

Niurka mi orí. "Kí n máa gun àlòkù nígbà tí tuntun méjì wà nílé bàbá mi?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ táyà tó ń sọ.

Evaristo Despaigne, bàbá Niurka, fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì. Ó ṣe é débi pé wọ́n ní òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀ kò wọ́pọ̀, wọ́n sì fún un láǹfààní láti ra alùpùpù Jámánì kan, pupa, pẹ̀lú táyà méjì lé e. Nígbà yẹn, ẹni tó bá gun irú rẹ̀ kọjá, àwọn èèyàn á dìde lórí àga láti wò ó. Táyà tó wà lára alùpùpù ni ó gùn. Méjì tó kù, ó fi bébà ìròyìn wé wọn, ó fi aṣọ ibùsùn dì wọ́n, ó sì tì wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Ní gbogbo ìparí ọdún, nígbà tí àwa yòókù bá ń yí ẹlẹ́dẹ̀ lórí iná, òun á fà wọ́n jáde, á nù wọ́n, á bu pàúdà ọmọdé sí wọn lára, á tún dì wọ́n padà.

Ẹnìkan fi ẹlẹ́dẹ̀ lọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn fi fíríìjì lọ̀ ọ́. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ní òun á fún un ní ìyá ìyàwó òun, òun á tún fi ìrẹsì lé e. Èsì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà: "Ó di ọjọ́ ìnira."

Ẹ má rò pé a pè é ní wèrè. Ta ni nínú wa tí kì í kó nǹkan pamọ́? Ìṣó tó bá wọ́, a máa ń lù ú tọ́. Agolo òfìfo, okùn bàtà, gílóòbù tó ti jó, gbogbo rẹ̀ la máa ń fi sílẹ̀ de ọjọ́ kan. Ti Evaristo kàn ju tiwa lọ ni, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un torí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ní wúrà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ lójú rẹ̀. Osvaldo, ọmọ rẹ̀ àgbà, ló kọ́kọ́ ń fi alùpùpù náà ṣe ọ̀kadà, nígbà tí Niurka ṣì ń lọ sílé-ìwé. Lọ́jọ́ burúkú kan tí òjò rọ̀, táyà ẹ̀yìn yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Osvaldo ṣubú, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gé e láti orúnkún. Ọmọ ogún ọdún ni. Táyà tó ti fá pátápátá ló gùn jáde lọ́jọ́ náà, tuntun méjì sì wà lábẹ́ ibùsùn bàbá rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí Cuqui sọ̀rọ̀ pósí yẹn, Niurka lọ bá bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìrẹsì òun ẹ̀wà, ó ní òun ò gùn ún mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní bàbá náà jẹun tán, ó mu omi, ó nu ẹnu, kó tó sọ pé, "Ó dáa. Ọjọ́ ìnira ti dé."

Ìròyìn náà dé òpin òpópónà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Sátidé, a rí Evaristo tó ń bọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fi ń lọ síbi ìsìnkú, ó gbé táyà kan sí èjìká ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì. Niurka ń ti alùpùpù bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Osvaldo ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn Niurka. Àwọn tó ń ta ayò dómínò fi dómínò sílẹ̀. Èmi náà fi kọfí sílẹ̀ lórí iná, ó sì jóná.

Nígbà tí wọ́n tú aṣọ, tí wọ́n tú bébà, ẹnu yà wá. Táyà náà dúdú, ó ń dán, irun rọ́bà wẹ́wẹ́ tó máa ń wà lára táyà tuntun ṣì wà lára rẹ̀. Obìnrin kan fọwọ́ kàn án bí ẹni fọwọ́ kan ọmọ tuntun. Cuqui bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Èékánná náà kò wọlé.

"Bàbá Evaristo," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Rọ́bà yìí ti gan."

"Gan báwo? O ò rí i bó ṣe ń dán ni?"

"Òkú tí wọ́n bá wẹ̀ dáadáa náà máa ń dán."

"Ìwọ Cuqui yìí, tí mo mọ̀ nígbà tó ń rìn níhòòhò kiri àdúgbò, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ táyà? Fi sí i."

Cuqui wo Niurka. Niurka ní kó fi sí i.

Ó tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn alùpùpù, ó bọ́ ògbólógbòó táyà náà kúrò, ó fi omi ọṣẹ pa etí ríìmù. Ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Ó ti túùbù sí i. Ó wá ki irin ìkátáyà bọ ẹ̀gbẹ́ kejì, ó rọra tẹ̀ ẹ́, a sì gbọ́ ọ: kẹ̀rẹ́, bí ìgbà téèyàn fọ́ búrẹ́dì gbígbẹ. Etí táyà ṣẹ́ kúrò lára wáyà tó wà nínú rẹ̀. Ó ń lọ ni, kò dúró, títí ẹ̀gbẹ́ náà fi ya láti òkè dé ilẹ̀, tí pàúdà funfun sì dà sílẹ̀.

Mo ti ń gbọ́ nípa táyà yẹn láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge, àfi bíi pé wọ́n fọ́ ère ilé-ìjọsìn lójú mi.

"Irin rẹ ló gé e," ni Evaristo wí. "Gbé èkejì."

Èkejì wọlé. A ò mọ bó ṣe ṣe é, ó ṣáà wọlé, Cuqui fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì gbà á. Evaristo yí ojú ká wò wá. "Ẹ rí i bí?" ló wí. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí Cuqui fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ náà níwájú Niurka. Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ táyà náà sí i ni ara rẹ̀ ń là, láàárín ojú rẹ̀, yípo yípo, bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀. Òwú ti ń hàn nínú àwọn ojú là náà.

"Bóyá ó lè gbé ọ dé kọ́nà," ni Cuqui sọ fún un ní jẹ́jẹ́. "Láti sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú èrò lẹ́yìn, ìyẹn ni mi ò mọ̀."

"Táyà tuntun ni," ni Evaristo wí. "Kò tíì fẹnu kan ilẹ̀ rí. Gùn ún, Niurka."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Ọmọ tirẹ̀ ni o. Ó rí ojú là náà bí gbogbo wa ṣe rí i.

Osvaldo, tó ti jókòó sórí àpótí láti ìgbà tí wọ́n ti dé, fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde. "Cuqui, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́dún tí mo ṣubú, ṣé wọ́n ṣì dáa?"

Cuqui nu ọwọ́ rẹ̀ lára àkísà. Ó tún nù ún. "Ta ló lè mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìwọ ni mo bi."

"Wọ́n ṣì dáa nígbà náà."

"Mo ti sọ fún ọ," ni Evaristo dá sí i. "Mo sọ fún ọ ní ọsibítù, mo sọ fún ìyá rẹ kó tó kú. Mi ò mọ̀ pé táyà rẹ ti jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni."

Òótọ́ ni, ohun tó sọ fún gbogbo wa náà nìyẹn, a sì gbà á gbọ́. Bàbá wo ló máa mọ̀, tó máa dákẹ́?

Niurka sún mọ́ alùpùpù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú imú túùbù, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ṣììì. "Papi, ẹ dárí jì mí," ó ní. "Mo lọ́mọ. Cuqui, fi ti Czech yẹn sí i."

Cuqui ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó lọ. Evaristo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn, ó kó awẹ́ táyà tó ya lé itan, ó ń fi ọwọ́ gbo ó, rọ́bà náà sì ń rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo lọ se kọfí tuntun, mo bù ú fún un, kò gbà á. Táyà Czech wọlé ní ìrọ̀rùn, ó gba atẹ́gùn, Cuqui tẹ̀ ẹ́, ó dá a padà sára alùpùpù. Niurka gùn ún lọ dé ìsàlẹ̀ òpópónà, ó yípo, ó sì gùn ún bọ̀ wá bá wa láìsí wàhálà kankan.

Bóyá ohun tó tú ẹnu bàbá náà nìyẹn. Kò gbójú sókè. Táyà orí itan rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Osvaldo, òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wà lójú fèrèsé. Mo rí táyà náà bí o ṣe ń gùn ún lọ, ó ń dán bí orí mi yìí. Mo ní kí n pè ọ́ padà, kí n fún ọ ní ọ̀kan. Mo tún ní, jẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀kan yìí, á rọra gùn ún."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Eléyìí wà lójú fèrèsé. Mo wo Niurka, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wá wo Osvaldo, mò ń retí kó fi ọ̀pá yẹn lu bàbá rẹ̀, n kì bá sì di ọ̀pá náà mú.

"Mo mọ̀, Papi," ni Osvaldo wí.

Evaristo gbé ojú sókè. "Kí lo mọ̀?"

"Mo wẹ̀yìn ní kọ́nà, mo rí yín. Ẹ gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ pè mí. Mo dúró. Ẹ wá fi ọwọ́ náà ṣe ó dàbọ̀ fún mi. Èmi náà juwọ́ sí yín, mo sì lọ."