Àgbá Èèrí àti Ìyá Ìyàwó Nínú Yàrá Kan

Yàrá kan ṣoṣo ló gbóná nínú ilé àbúrò mi, àgbá kan ló sì ń gbé inú rẹ̀. Ògiri yàrá náà fara ti ẹ̀yìn ààrò ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ládùúgbò, nítorí náà tọ̀sán-tòru ló máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Bí o bá gbé ẹyin adìyẹ sí ẹ̀bá ògiri yẹn lálẹ́, òròmọdìyẹ ni yóò jí ọ láàárọ̀. Àwọn yàrá yòókù tutù bí imú ajá. Kò sẹ́ni tó bínú sí ètò yìí, àfìgbà tí ìyá ìyàwó àbúrò mi ránṣẹ́ pé eegun òun kò gba òtútù mọ́, pé òun ń kó bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun.

Bí àgbá ṣe kọ́kọ́ di onílé nìyí. Ilé ìpọntí ni àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun ló ń pọn ọtí o. Òun ló ń fọ ìkòkò. Irin ni wọ́n fi ṣe ìkòkò náà, ó tóbi débi pé àkàbà ni wọ́n fi ń wọ inú rẹ̀, ọkùnrin kan sì wọ ibẹ̀ nígbà kan tó jáde pẹ̀lú irùngbọ̀n. Bí àwọn apọntí bá ti se ọkà, tí wọ́n ti fa omi dídùn ara rẹ̀ lọ, èèrí ló máa ń kù sísàlẹ̀: èèpo ọkà tó rin gbindin, tó gbóná, tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti búrẹ́dì tí ẹnì kan gbàgbé sínú òjò. Ṣọ́bìrì ni àbúrò mi fi ń kó o jáde, ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ á sì fi ọkọ̀ wá gbé e lọ. Ó máa ń dùn ún wọra. Bí ṣọ́bìrì àkọ́kọ́ bá ti ń bọ́ sínú ọkọ̀, á ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ má dà á nù tán o, ó lóhun tó wúlò fún." Bó ṣe di Mádàánù nìyẹn. Orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́, èmi gan-an máa ń ronú kí n tó rántí rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ fi èèrí ṣe búrẹ́dì. Búrẹ́dì náà jinná, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò wọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú rẹ̀ la fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé kí atẹ́gùn má bàa gbá a, kò sì tíì sán títí dòní.

Àgbà kan tó ń bójú tó àwọn àgbá nílé ìpọntí ló là á lóye. Ó mú èèpo ọkà kan láàárín ìka méjì, ó gbé e sójú oòrùn.

"Wò ó dáadáa. Ó ń dán bí?"

"Kò dán, Bàbá. Ó rí págunpàgun."

"Ìwúkàrà fẹ́ràn irú ibẹ̀ yẹn. Bó o bá dà á sínú ọtí lásán, á máa rìn gbéregbère kiri bí ẹni tí kò nílé. Bó bá rí èèpo báyìí, á dì mọ́ ọn bí eégbọn ṣe ń dì mọ́ etí ajá, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí á fi ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Ohun tó ń sọ bíà di ọtí kíkan náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Kọ́lé fún un, á sanwó ilé."

"Ṣé ẹ ti ṣe é rí ni?"

"Èmi? Mo ti dàgbà kọjá kí n máa kọ́lé fún ohun tí mi ò fojú rí."

Ọtí kíkan yìí gan-an ni ìyàwó Mádàánù ń wá. Ilé ìfọṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi tí omi gbígbóná àti ọṣẹ ti bó o lọ́wọ́ títí ìka rẹ̀ kò fi ṣeé ká mọ́. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àlùbọ́sà kéékèèké, kárọ́ọ̀tì àti kùkúḿbà sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀, á da ọtí kíkan bò ó kó má bàa bàjẹ́, á sì gbé e fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọtí kíkan tó ń ṣe nínú ìṣà máa ń pẹ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi ń kan, àlùbọ́sà á sì ti hu ewé kó tó ṣe tán.

Mádàánù bá kó èèrí tútù wálé, ó kì í bọ inú àgbá, ó da bíà tó ti ṣá lé e lórí. Kò sè é, kò fọ̀ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, irun ti hù lórí rẹ̀: irun funfun, irun àwọ̀ ewé, àti irun aláwọ̀ kan tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ láyé. Aṣebúrẹ́dì kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, ta ló kú lọ́dọ̀ yín tẹ́ ẹ ò tíì sin?"

"Ọgbọ́n ọkọ mi ni," ìyàwó Mádàánù dá a lóhùn. "A máa sin ín lọ́la."

Wọ́n sin ín lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni Mádàánù wá se èèrí mìíràn ní àsètúnsè, ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, ó sá a sórí páànù títí ó fi gbẹ. Ó dá ihò wẹ́wẹ́ sí ara àgbá, lókè táàpù díẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa wọlé, ó kó èèrí sí i, ó da ọtí kíkan tó ti dàgbà sórí rẹ̀ kí ohun tó ń sọ bíà di kíkan lè dì mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, ife ni wọ́n fi ń da bíà ṣíṣá sí i lókè, á máa ro tótó gba àárín èèrí kọjá, wọ́n á sì gbà á nídìí táàpù nísàlẹ̀. Ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kò wá ju ọjọ́ mélòó kan lọ mọ́, ó sì kan débi pé eṣinṣin ń fọwọ́ bojú kọjá lára rẹ̀. Òtútù nìkan ni kò fẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé yàrá tó gbóná.

"Ọkọ mi, ìyá mi ń bọ̀ o," ìyàwó Mádàánù sọ fún un.

"Mo gbọ́. Wọ́n á máa sùn ní yàrá iwájú."

"Yàrá iwájú tí ọwọ́ mi ń kú sí tí mo bá ń gbá a? Ìyá mi?"

"Kí ni ká wá ṣe sí àgbá?"

"Ṣé àgbá ló bí mi ni?"

Wọ́n ta aṣọ sáàárín yàrá tó gbóná náà, ibùsùn Ìyá wà lápá kan, àgbá wà lápá kejì.

Ìyá Afínjú la máa ń pe ìyá yìí lẹ́yìn. Obìnrin tó máa ń fọ ọṣẹ kó tó fi ọṣẹ fọ nǹkan ni. Bó ṣe wọ yàrá ló dúró.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Ọtí kíkan ni, Mà," Mádàánù dáhùn.

"Ọtí kíkan máa ń rùn, mo mọ̀. Èyí ń pariwo."

"Iṣẹ́ la fi ń ṣe, Mà."

"Iṣẹ́ dáa. Mi ò sọ̀rọ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Mádàánù lọ fọ ìkòkò, ìyàwó rẹ̀ kó ìgò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá ṣí ìdérí àgbá, ó sì rí èèrí tó ti dúdú, tí nǹkan yọ̀ọ́rọ̀yọ̀ọ́rọ̀ kan bò mọ́lẹ̀. Àánú ọmọ rẹ̀ ṣe é. Ó ní àṣé iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún wọn tí wọn ò fi ráyè tún nǹkan ṣe. Ó bá ká apá aṣọ. Ó kó èèrí náà jáde pátá, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú àgbá, ó sá èèrí, ó sì tò ó padà bó ṣe wà. Iṣẹ́ náà mọ́. Mo fojú mi rí i: èèpo kọ̀ọ̀kan ń dán bí eyín ọmọdé.

Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí de Mádàánù.

"Káàbọ̀, ọkọ ọmọ mi. Mo bá yín tún àgbá yẹn ṣe."

Mádàánù wọlé, ó ṣí i, ó gbóòórùn ọṣẹ. Gbogbo ohun tó ń gbé ara èèrí náà, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ti bá omi lọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń gbóhùn sókè sí ìyá ìyàwó rẹ̀? Ó jáde wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú làálàá."

Ó pẹ́ nílẹ̀ ju bí ìdọ̀bálẹ̀ ṣe yẹ kó pẹ́ lọ. Ìyá rò pé ọ̀wọ̀ ni.

"Dìde, ọmọ mi, kò tóyẹn. Bó bá tún dọ̀tí, mo wà níbí."

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, ilé ìdáná ló ti bá a.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó báyìí?"

"Ìyá ti bá wa fọ̀ ọ́."

"Wọ́n fọ kí ni?"

Ó nawọ́ sí ọ̀nà yàrá. Obìnrin náà rọra gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àlùbọ́sà tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí, kún abọ́ ńlá níwájú wọn, àwọn ṣọ́ọ̀bù sì ń retí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ọtí kíkan kan péré ló ṣẹ́ kù nínú ilé. Bí wọ́n bá dà á sórí àlùbọ́sà, ìgò á jáde lẹ́ẹ̀kan yìí, ó parí. Bí wọ́n bá dà á sórí èèrí, bóyá á mú, bóyá kò ní mú.

"Mi ò padà sílé ìfọṣọ," ló sọ níkẹyìn. "Ẹ fi omi lásán ṣan ọṣẹ yẹn kúrò, kẹ́ ẹ wá dà á sí i."

"Gbogbo kẹ́ẹ̀gì?"

"Ṣé díẹ̀díẹ̀ lèèyàn fi ń jí òkú ni?"

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ìyàwó Mádàánù máa ń dé ọjà kí ó tó sinmi. Ìyá yọ sí wọn.

"Èmi ni mo pa á? Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó ń mí?"

"Ẹ má bínú, Mà," Mádàánù ní. "Ẹ̀bi wa ni."

"Ẹ gbé ẹrù mi lọ sí yàrá iwájú. Mi ò lè pa onílé kí n tún máa sùn nílé rẹ̀."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!" ọmọ rẹ̀ pariwo.

Ó jókòó, àmọ́ kò dákẹ́. "Kí ló ń jẹ?"

"Bíà, Mà. Ife kan láàárọ̀, kan lọ́sàn-án, kan nírọ̀lẹ́."

"Ẹ̀yin méjèèjì kì í sí nílé lọ́sàn-án. Èmi ni n ó máa fún un."

"Ẹ má fọ̀ ọ́ o, Mà."

"Ife ńkọ́?"

"Ẹ lè fọ ife."

"Ó ṣeun."

Àlùbọ́sà abọ́ ńlá yẹn, àwa ará ilé la jẹ ẹ́ tán; títí oṣù fi parí, kò sẹ́ni tó lè sọ àṣírí fún ẹnì kejì wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ìyá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fèrèsé. Ó ká aṣọ tó dá yàrá sí méjì kúrò kó lè máa rí àgbá náà láti orí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wọlé lókè náà ló ń jáde nísàlẹ̀, bíà ṣíṣá tó ń run ọṣẹ. Ṣọ́ọ̀bù kan ránṣẹ́ pé àwọn ti rí ẹlòmíràn tó ń kó ìgò wá. Ìyàwó Mádàánù gbọ́, ó ní ó dáa, ó sì lọ gbé ẹ̀wù tó ń wọ̀ nílé ìfọṣọ jáde, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá lọgun.

"Ẹ wá o! Ara rẹ̀ ti gbóná!"

Wọ́n sáré wọlé. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara àgbá, níhà tí kò kan ògiri. Mádàánù fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ara ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́. Bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn tí ohun inú èèrí bá ti ń ṣiṣẹ́. Ó ṣí táàpù, ó tọ́ ọ wò. Kò tíì kan bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ta á ní ahọ́n. Ó yíjú sí Ìyá, ó ń tẹ̀ ba láti dọ̀bálẹ̀.

"Kúrò nílẹ̀ ńbẹ̀ jàre, o dí mi lọ́nà," Ìyá ní. "Lọ gbé bíà wá. Ebi ń pa á."

Ìyàwó Mádàánù kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó mú ẹ̀wù ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ya á sí méjì, ó fi ìdajì nu ìgò, ó sì jókòó ti àpò àlùbọ́sà, ó ń bó o.