Bí Ìgbìmọ̀ Ṣe Dá Owó Oṣù Mi

Kí n tó pé ogójì ọdún, mo ti gbà pé kò sí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ tó mi ní gbogbo agbègbè Akínyẹlé. Èmi ni ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan tó ń bá àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ pákí. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣòwò, kì í jèrè. Yàrá méjì ni ọ́fíìsì wa, a ní mọ́tò kan àti taipuráítà kan. Àwa òṣìṣẹ́ ò ju mẹ́ta lọ: èmi, awakọ̀, àti akọ̀wé, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń wọ táì.

Nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990 ni, náírà ń já wálẹ̀, mo sì ti ṣèlérí fún ìyàwó mi pé a óò kó lọ sí Bódìjà. Ó gbà mí gbọ́, ó ti ra kọ́tìnì. Owó oṣù mi kò sì lè san owó ilé níbẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ni mo bá jókòó, mo kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wa, pé kí wọ́n sọ owó oṣù mi di ìlọ́po méjì.

Àwọn òyìnbó tó ń fún wa lówó ti là á kalẹ̀ pé ìgbìmọ̀ ló gbọ́dọ̀ dá owó ọ̀gá àgbà, kí wọ́n fi wé ti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ má sì sí níbẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Mo fara mọ́ òfin yìí tọkàntọkàn, nítorí èmi ni mo ṣe àfiwé náà. Àwọn ẹgbẹ́ tó tóbi jù ní Ìbàdàn ni mo yàn, àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ àti ọgbà òdòdó. Èyí tí owó ọ̀gá rẹ̀ kéré sí tèmi, mo gbàgbé rẹ̀.

Alága wa, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ka lẹ́tà náà dópin, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní kí ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. Màmá kan tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin onígààrí, tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, ló kọ́kọ́ dáhùn.

"Sà, tí wọ́n bá ní ká wá ro oko, a kì í dá owó láì tíì rí oko. A ó lọ wò ó ná, bó ṣe tóbi tó, bóyá kùkùté igi pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo oko ọ̀gá."

Wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé eré ni.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí mo fi máa dé ọ́fíìsì ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀, màmá ti wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, ẹ má wojú mi."

Iṣẹ́ kì í rọrùn ṣe lójú ẹni tó ń wò ó. Mo ṣí fáìlì, mo pa á dé. Mo kọ lẹ́tà, mo fà á ya, mo tún un kọ. Mo pe awakọ̀ wọlé, mo bi í bóyá omi wà nínú mọ́tò. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti rẹ̀ mí, oorun gbé mi lọ lórí àga, táì mi sì wọnú ife tíì. Ọjọ́ mẹ́ta ni màmá fi jókòó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó fún mi ní àgbàdo sísè.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún pàdé, wọ́n ní kí n bọ́ síta. Akọ̀wé dúró, nítorí òun ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀. Mo jókòó sórí pèpéle lábẹ́ fèrèsé, níbi tí mo ti lè gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ọ̀gá ń gbìyànjú," ni màmá wí. "Wọ́n ń kọ̀wé. Èmi ò mọ̀wé, n ò lè bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí n ò mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wa wá lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rọ ẹni kan bàjẹ́, bẹ́líìtì ẹlòmíràn já. Kò sí ọ̀kan tó béèrè ọ̀gá. Ọmọ tó ń kọ̀wé níbẹ̀ yẹn ni wọ́n ń béèrè, òun ló sì yanjú gbogbo rẹ̀. Nínú oko tí mo lọ wò, òun ló ń ro èyí tó pọ̀."

Ara mi gbóná. Inú bí mi sí màmá, inú tún bí mi sí akọ̀wé tí kò ṣẹ̀ mí. Wọ́n pè mí wọlé.

Alága ní owó mi yóò lé díẹ̀, kò ní di ìlọ́po méjì. Mo ń ronú ohun tí n ó wí fún ìyàwó mi nígbà tó tún bi mí pé, "Ta ló ń dá owó oṣù akọ̀wé yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan, sà."

"Ti akọ̀wé ẹgbẹ́ wo lo fi wé?"

Mo tún táì mi ṣe.

"Ó dáa. Èló ni?"

Mo la ẹnu, n ò rántí. Mo kàn máa ń fọwọ́ síwèé lóṣooṣù ni, n kì í wò ó. Mo mọ owó ọ̀gá ẹgbẹ́ méje ní Ìbàdàn dórí kọ́bọ̀, ọdún mẹ́rin sì ni ọmọ yìí ti ń bá mi ṣiṣẹ́. Ojú tì mí débi pé òrùlé ni mò ń wò.

Akọ̀wé gbé orí sókè, ó dárúkọ iye náà jẹ́jẹ́. Kò tó owó epo tí mò ń rà sínú mọ́tò lóṣù. Lẹ́yìn náà ó tẹrí ba, ó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn ọ̀gá àgbà.