Ìpara Tí Kò Lè Bá Wa Délé

Òórùn ọbẹ̀ kọ́ ló máa ń pàdé ẹni ní pálọ̀ ọmọbìnrin mi ní Forney, lẹ́bàá Dallas, nígbà tí èmi àti bàbá rẹ̀ lọ kí i. Òórùn ewé tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún, tí wọ́n pò mọ́ ìpara ẹ̀yìn ríro, ni. Láti orúnkún ọkọ mi ló ti ń wá.

Làkúrègbé ti ń bá a fínra tipẹ́, oògùn oníkóró sì ń da inú rẹ̀ rú. Ọmọ wa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé agolo ìpara kan dé lọ́jọ́ kan, ó ní dókítà ti fọwọ́ sí i. Mo wo ara agolo náà, mo rí àwòrán ewé kan tí mo dá mọ̀ dáadáa.

"Mọ́mì, hemp ni, kì í ṣe igbó. Kì í pani bí ọtí."

"Ẹbí kan náà ni wọ́n, ọmọ mi. Jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Èmi alàgbà ìjọ! Wọ́n á gbọ́ n'Íbàdàn pé Amẹ́ríkà ni mo ti lọ kọ́ igbó!"

"Dádì, ẹ ò fà á, ẹ ò jẹ ẹ́. Ẹ kàn ń fi para ni."

Mi ò ní sọ pé ó wò ó sàn, nítorí kò wò ó sàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó ń dá gun àtẹ̀gùn ilé náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ wa ń lọ ní Irving, ó kúnlẹ̀ gbàdúrà, ó sì dá dìde. Mo lajú sílẹ̀ mo ń wò ó. Mi ò gbọ́ àdúrà yẹn rárá.

Nígbà tí àkókò tí wọ́n fún wa láti lò ní Amẹ́ríkà fẹ́ pé, mo ń di ẹrù, mo sì nawọ́ mú ìpara náà. Ọmọ mi gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́.

"Mọ́mì, ẹ ò lè gbé e lọ. Igbó ni wọ́n máa pè é nílé."

Obìnrin ará ìjọ kan tó wá kí wa pé ó dàbọ̀ ní ká rọ ọ́ sínú agolo mìíràn. "Ta ló máa gbóòórùn orúnkún bàbá àgbàlagbà?"

"Ajá wọn ní pápákọ̀ òfurufú," ni ọkọ mi dáhùn.

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kí a tọrọ àfikún oṣù. Bàbá ní rárá, ilé òun ni òun fẹ́ máa gbé, òun ò sì ní fi ọjọ́ ogbó ṣàlàyé ìpara fún ọlọ́pàá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ, ọmọ wa fi ọṣẹ fọ orúnkún bàbá rẹ̀ títí, kí òórùn má bàa tẹ̀ lé wa.

A ò tíì pẹ́ nílé tí ìrora náà fi padà. Mo fi aṣọ olómi gbígbóná dì í, mo fi òróró ra á. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ń gé ètè jẹ. Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé ìrora tí kò ní oògùn ló burú jù. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. A mọ ohun tó ń dẹ̀ ẹ́ lára, a mọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nílé ọmọ wa, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Ọmọ wa ń pè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Dádì ńkọ́, mà?"

Mo máa ń ní wọ́n ń gbìyànjú. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tí mo ń sọ. Lẹ́yìn náà, á béèrè bóyá òjò ti rọ̀.