Ọkùnrin Tó Ń Dúró De Kí Owó Ilé Wálẹ̀

Oníṣẹ́ iná ni ọkùnrin yìí, aránṣọ sì ni ìyàwó rẹ̀. Ó mọṣẹ́ dunjú, àmọ́ ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí oṣù bá ti wọlé, wọ́n máa ń gbé iye tí wọ́n ń ta ilé ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan nílùú jáde, kò sì ní fẹnu kan oúnjẹ àárọ̀ títí yóò fi rí i lórí fóònù rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ ní Ó-Tún-Ti-Gòkè, torí ohun tó máa ń wí lórí àkàbà nìyẹn.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ ra ilé ní orí òkè, níbi tí ìyá ìyàwó ń gbé. Orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu, ìyàwó yìí sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Bí iye ilé orí òkè bá gòkè, ọkọ á ní kí wọ́n ní sùúrù, yóò wálẹ̀. Bó bá wálẹ̀, á ní yóò tún wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá gòkè, tí kò wálẹ̀, ńṣe ló máa ń rìn yí pálọ̀ ká, tí á máa tan iná, tí á máa pa á.

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni màmá ti ṣubú ní balùwẹ̀. Kò fara pa púpọ̀, àmọ́ ó pẹ́ nílẹ̀ kí ará ilé kejì tó gbé e dìde. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ní kí onímọ́tò kan bá òun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun lọ sọ́dọ̀ ìyá òun. Ọkọ bi í pé kí lòun ṣe.

“Ẹ ò ṣe nǹkan kan,” ló fohùn pẹ̀lẹ́ sọ. “Ẹ jókòó ti owó ilé. Tẹ́ ẹ bá ti bá a sọ̀rọ̀ tán, ẹ wá bá wa lókè.”

Ilé dá páropáro. Oṣù tuntun wọlé, iye ilé orí òkè fò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọkọ pe alágbàtà ilé.

“Ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá ìyàwó mi ńkọ́? Ẹ má sọ iye ẹ̀ fún mi ná. Ẹ kọ́kọ́ sọ bóyá ó ṣì wà.”

Ó wà. Wọ́n rà á. Ó kéré, òrùlé ilé ìdáná rẹ̀ sì ń jò.

Nígbà tí oṣù yípo, iye ilé orí òkè já wálẹ̀. Ọkọ lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Màmá ní kí ọmọ òun lọ wò ó. Ìyàwó bá a níbi tó ti ń wo iye tí wọ́n ń ta ilé ní etí odò, nísàlẹ̀ òkè. Ó gba fóònù náà, ó gbé agbọ̀n aṣọ tútù fún un, ó ní kó bá òun sá a. Ọkọ ń sá a, ojú rẹ̀ sì wà lọ́nà ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń retí mọ́tò.